Àyẹ̀wò ọdún: MÁ GBÉ E ń pè

Ẹ kú òpin ọdún o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ohun tí mo ní mo máa ṣe tí n kò ṣe ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti ọdún yìí kò gùn. N kò fọn rárá, n kò kọ́ ọkọ̀ wíwà (ẹ mọ ìdí), nínú ìwé méjìlá tí mo ní mo máa kà, méjì àbọ̀ ni mo kà. Ó tán. Oṣù kìíní sí ìkẹrin ńkọ́? Ẹni tó bá rí wọn, kó bá mi kí wọn. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ló jẹ gbogbo ọdún yìí tán, ọjọ́ tí mo fojú kan ọkùnrin yẹn.

Ẹ mọ ọkùnrin yẹn. Òun ló mutí yó, tó wakọ̀, tó sì gbá Àbúrò mi pa lẹ́bàá títì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Oṣù karùn-ún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ láyà láti ṣáájì fóònù Àbúrò, lẹ́yìn ọdún méjì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, áláàmù dún. Ohun tó kọ sára rẹ̀ ni: "Àdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi alágídí." Ojoojúmọ́ ló tò ó sí. Ọmọ tí kì í tètè jí lọ síbi iṣẹ́! Ó ti lọ, kò sì tíì jẹ́ kí n sùn.

N kò lè pa á. Ìgbà tí n kò lè pa á, tí n kò sì lè sùn mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ó yá, mo ṣí Bíbélì tó wà lórí fóònù náà, èmi tí mo máa ń fi ìjọsìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń wá ibi tí wọ́n á ti ní kí n má sunkún mọ́, kí n lè bínú pa á dé. Orin Dáfídì 88 ni mo bá pàdé. Ẹni yẹn ké láti ìbẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí sí, kò sí "ṣùgbọ́n" kankan. Mo ní, áà, wọ́n gba irú èyí láyè níbí? Mo rò pé ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti mú mi, kì í ṣe ibi ìwàásù. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà ṣe dáadáa: ọjọ́ méje, òru méje, wọ́n jókòó tì í, wọn kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ fún mi pé Ọlọ́run ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, mo ti dárí ji ẹ̀yin náà, àmọ́ ẹ má tún sọ ọ́.

Wàhálà wá kù síbi Àdúrà Olúwa. "Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa." Bí ẹni ń fo kòtò ni mo ṣe ń fo ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rántí Àjàyí Crowther, tó ṣe gudugudu méje nínú títú Bíbélì sí èdè wa. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì di 1846 kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tà bí ẹrù ló jókòó tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò gbé ìdáríjì. Inú bí mi sí òun náà díẹ̀. N kò rí àwáwí mọ́.

Ọkùnrin yẹn ti ń pè mí tipẹ́. "MÁ GBÉ E" ni mo fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sí. Ilé ẹjọ́ ti ṣe tiwọn, n kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Pásítọ̀ wa ló bá wa wá àyè, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún méjì ni mo fi pọ́n ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Ó wọlé. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ti wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, apá kan ọrùn ẹ̀wù ga ju ìkejì lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kó wá, èyí tó jáde ni: "Ẹ ti ṣi bọ́tìnnì yín dè."

Ó wo àyà rẹ̀. Ó tú u, ó fẹ́ tún un dè, ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ní, "Mo ti dárí jì yín."

Irọ́ ni. Mo kàn sọ ọ́ bí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé owó tí kò tíì ní lọ́wọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì ìbínú ti padà dé, ó tún mú ẹbí rẹ̀ wá. Jésù ní kí Pétérù dárí jini ní ìgbà àádọ́rin méje. Mo ṣírò ó, 490 ni. Mo bá mú ìwé kékeré kan, mo ń fa igi kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ìgbà tí mo bá tún un ṣe. Lọ́jọ́ kan mo fa igi mọ́kànlá kí n tó fọ eyín. Lónìí ó jẹ́ 312. (Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí Jésù ń sọ nìyẹn. Ẹ fi mí sílẹ̀.)

Wọ́n rì mí bọmi nínú oṣù kẹwàá. Mo gbé omi mì. Ìyàwó Àbúrò ló dì mí mú nígbà tí mo jáde, òun tó ti dárí ji ọkùnrin yẹn ṣáájú mi, tí kò sì fi yangàn. Ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bíi ti bàbá rẹ̀, èyí tó máa ń já lójijì, tí á tún wá… Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, pé n kò fọn.

Màmá kò tíì ṣetán. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà nínú ilé, n kò sì fi dandan bá wọn. Lọ́jọ́ Àìkú ni ọkùnrin náà máa ń pè mí báyìí, kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ, a ó kí ara wa, ó tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ yí orúkọ tó wà lórí nọ́ńbà yẹn padà, n kò rí i ṣe. Àìkú tó kọjá ó pè, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n na ọrùn, wọ́n ka ohun tó wà lójú fóònù.

"Ta ni wọ́n ní kó o má gbé?"

Mo wo ojú wọn. Wọ́n dákẹ́, wọn kò dìde. Mo gbé e.