Ìdúpẹ́ Mi Lórí Ohun Tí Ọlọ́run Ṣe fún Mi ní Òkè Ladakh

Ẹ̀yin ará mi ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé a mọra rí, ẹ kú àdúrà, ẹ kú àìsùn. Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, mo sì sáré sọ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé jàǹbá ọkọ̀ ló ṣe mí. Kì í ṣe jàǹbá ọkọ̀. Àìsàn ló dá mi wó lójú ọ̀nà Ladakh, ilẹ̀ olókè gíga ní òkè àríwá Íńdíà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń bá mi dúpẹ́ lé lórí.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì ni mí. Íńdíà wà lára ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti wà lọ́kàn mi láti kékeré, nítorí ọmọ Íńdíà ló kọ́ màámi ní ìṣirò nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Oǹdó. Àwọn àgbà yóò rántí pé olùkọ́ ará Íńdíà pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa láyé ìgbà náà. Màámi kò gbàgbé ọkùnrin yẹn títí dòní. Wọ́n ní kò na ẹnikẹ́ni rí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pariwo ní kíláàsì rẹ̀. Mo tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, mo dá àjọ, mo gba físà, mo gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí Íńdíà máa ń béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, mo sì gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ìpinnu mi ni pé láti ìsàlẹ̀ gúúsù títí dé òkè àríwá, n kò ní wọ bàálù. Ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ni n ó máa wọ̀, kí n lè fi ojú ara mi rí bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà.

Ilẹ̀ náà sì yí padà lóòótọ́. Íńdíà tóbi ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Èdè 22 ni òfin ilẹ̀ wọn kà sílẹ̀, àwọn tí òfin kò sì dárúkọ pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Kanyakumari, níbi tí ilẹ̀ ti parí sínú òkun. Láti ibẹ̀ mo wọ Kerala, ó sì dà bíi pé n kò tíì kúrò nílé. Àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òjò, ilẹ̀ pupa. Wọ́n se ẹ̀gẹ́ fún mi, wọ́n fi ọbẹ̀ ẹja aláta tì í. Ní òkè Idukki, mo rí kòkó lórí igi. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi kí wọ́n tó lọ, inú oko wọn ni a ti kọ́ bí a ṣe ń fi àdá la kòkó. Mo dúró ti igi yẹn pẹ́, obìnrin tó ni oko náà kò sì lé mi. Ó fọ́ èso kòkó kan, ó ní kí n lá a.

Lẹ́yìn náà ni mo bá ọkọ̀ ojú irin lọ sókè, lórí bẹ́ẹ̀dì onípele mẹ́ta tí èrò máa ń sùn sí lóru, tí àwọn ọmọkùnrin sì ń kiri tíì gbígbóná láti ọwọ́ ìdájí. Mo dé Rajasthan, níbi tí iyanrìn gba gbogbo ilẹ̀ tí ràkúnmí sì ń rìn. Mo dé Amritsar, níbi tí tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Sikh tí wọ́n fi wúrà bò wà láàárín omi. Níbẹ̀, èèyàn tó ju 50,000 lọ ló ń jẹun lójúmọ́ láìsan kọ́bọ̀. Olówó àti tálákà á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ẹ̀sìn wo lò ń ṣe. Mo jẹun níbẹ̀, mo sì bá wọn fọ abọ́. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀kan nínú àwọn èèyàn yìí ni Ọlọ́run máa lò fún mi níwájú.

Manali ni ọ̀nà Leh ti bẹ̀rẹ̀. Manali ga tó nǹkan bíi 2,000 mítà. Leh, tó jẹ́ ìlú ńlá Ladakh, ga tó 3,500. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ lé ní 400 kìlómítà, ìgbà ooru nìkan ló sì máa ń ṣí, nítorí yìnyín máa ń dí i pa. Òun ni mo gbọ́kàn lé jù nínú gbogbo ìrìnàjò náà. Mo mọ̀ pé a kì í sáré gun irú òkè bẹ́ẹ̀, torí bí a bá ṣe ń gòkè ni atẹ́gùn tí à ń mí ń fẹ́lẹ́ sí i. Nítorí náà mo sinmi ní Manali kí ara mi mọ́ ọn lára. A sùn ní Keylong lójú ọ̀nà. Mo ń mu omi dáadáa, mo sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún mi. Ara mi le. Èmi tí mo máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, tí n kì í sì í mí gúlegúle!

Bọ́ọ̀sì kékeré ni a wọ̀. A kọjá Baralacha La, tó sún mọ́ 4,900 mítà, ara mi ṣì dá ṣáṣá. (“La” ni wọ́n ń pe ibi tí ọ̀nà ti gba orí òkè kọjá.) Ẹ̀yìn Lachung La, tó lé ní 5,000 mítà, ni nǹkan kan gún mi lábẹ́ egungun ìhà òsì. Mo rò pé inú ń run mí ni. Kí a tó sọ̀ dé Pang, ìrora náà ti gun èjìká mi òsì, mo ti ń bì, n kò sì lè nàró mọ́.

Ẹ wo Pang. Àwọn àgọ́ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ wà níbẹ̀, pẹ̀lú bárékè àwọn ológun, àti òkè gbígbẹ tí kò ní igi kan lórí. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi 4,600 mítà. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ẹni tí òkè bá ń bá jà, kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti Pang, kò síbi tí a lè sọ̀ sí láìkọ́kọ́ gun òkè. Bí a bá padà, a máa gun Lachung La, a tún máa gun Baralacha La. Bí a bá lọ síwájú, Tanglang La wà níbẹ̀, tó lé ní 5,300 mítà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórí mi, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, torí èmi náà ti fa ìlà ọ̀nà yẹn lórí máàpù mi nílé.

Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì kò mọ̀ mí rí. Nọ́ọ̀sì kan wà lára wọn, ọmọ Kerala, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí ní èdè wọn, Chechi, Chechi. Òun ló fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sí ìka mi, tí ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó sáré lọ bá àwọn ológun. Àwọn ológun gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú, wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́. Dókítà wọn ní kí a kọjá sí Leh, torí òkè kan ṣoṣo ló kù lọ́nà yẹn, ilé ìwòsàn tó dá mùṣémùṣé sì wà níbẹ̀. Awakọ̀ wa, ọmọ Ladakh, ti wa ọkọ̀ láti àárọ̀. Ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Wọ́n ní kó sinmi di ọ̀la kí wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn fún mi. Ó ní rárá, òun ló gbé mi wá, òun ló máa gbé mi dé. Kò sí èrò kan tó ráhùn. Bàbá Sikh kan, tó wé láwàní, bọ́ kóòtù rẹ̀ ó fi bò mí. Bàbá náà á tó ẹni 70 ọdún, òtútù yẹn sì ń mú dé egungun.

Ọmọ ológun kan tẹ̀lé wa, ó gbé ìgò ọ́síjìn sórí itan rẹ̀ di Leh. Bí a ṣe ń gun Tanglang La, mo rò pé ó ti parí. Mo ní kí n gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò jáde. Àfi “Jésù” nìkan. Ni nọ́ọ̀sì yẹn bá gba àdúrà náà lẹ́nu mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni, àwọn tó gbà pé Tọ́másì àpọ́sítélì fúnra rẹ̀ ló mú ìhìnrere dé Kerala lọ́dún 52. Ó ń gbàdúrà ní èdè rẹ̀. Bàbá láwàní náà ń gbàdúrà ní tirẹ̀. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú méjèèjì, mo sì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ nínú ọkàn mi.

A dé Leh lóru. Dókítà tó gbà mí béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé ṣé fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ẹbí wa? Ẹ̀yin ará, omi bọ́ lójú mi. Àbúrò mi ọkùnrin ni àrùn yẹn mú lọ. Mo sọ fún un, mo sì sọ fún un pé AS ni mí. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìhà òsì mi kíákíá. Ibẹ̀ náà ni. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spleen. Ẹ̀jẹ̀ ti dí nínú rẹ̀, apá kan rẹ̀ sì ti ń kú.

Ó ṣàlàyé fún mi. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AS máa ń ṣe dáadáa nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ á sì gbó á tọ́ láìmọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́lẹ́ tó ti orí òkè yẹn, àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì náà lè tẹ̀ bíi dòjé, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ lára ẹni tó jẹ́ SS, kí wọ́n sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa. Spleen ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá jà. Kì í ṣe gbogbo AS tó bá gun òkè ló ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, àwọn dókítà sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Dókítà yìí mọ ìrísí rẹ̀, nítorí àrùn náà wà lọ́dọ̀ tiwọn náà, láàárín àwọn ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn Íńdíà. Ìjọba wọn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá láti gbógun tì í ní 2023.

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin wa ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń bi wá ní jẹ́nótáìpù? Ìgbà tí a bá fẹ́ ṣègbéyàwó. Pásítọ̀ á béèrè, àwọn òbí á béèrè, ó parí. Èmi náà, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ ni mo kà á sí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ sí òkè Kilimanjaro, tàbí tó ń lọ ṣiṣẹ́ ológun níbi òkè gíga, ẹ jọ̀ọ́, kí ó sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ fún dókítà kó tó lọ, kó sì bèèrè bí òun ṣe lè ṣe é. Mo ń fi ẹ̀mí mi bẹ̀ yín.

Ọ́síjìn, omi tí wọ́n fà sí mi lára àti oògùn ìrora ni wọ́n fi tọ́jú mi. Wọn kò là mí. Nígbà tí ara gbà, wọ́n fi bàálù gbé mi sọ̀ kalẹ̀ sí Delhi, tí nọ́ọ̀sì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí bàálù náà ṣe balẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Ẹ má bínú, n kò lè ṣàpèjúwe ìmí yẹn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, màámi kò gbúròó mi. Síìmù tí mo rà ní Kerala kò ṣiṣẹ́ ní Ladakh, nítorí síìmù tí a ń ra káàdì sí, tí a bá rà á níbòmíràn, kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n, wọ́n sì ti sin ọmọ kan rí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ọmọ Kerala rí nọ́ńbà wọn nínú ìwé mi, tó pè wọ́n, tó sọ pé mo wà ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó sunkún, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ìwọ ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” Ọmọbìnrin náà ló sọ fún mi, ó ní bí ìyá òun náà ṣe máa béèrè nìyẹn. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí di ìsinsìnyí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ yẹn, tó kọ owó tí mo fẹ́ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ológun Pang, àti dókítà tó béèrè ìbéèrè tó yẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá láwàní. Ẹ̀yin tí ẹ dáwó jọ ní Àkúrẹ́ kí n lè padà wálé, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ mú owó oúnjẹ yín wá fún ọ̀gá yín, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rí ẹni ràn yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún ti fi ẹ̀rọ wò mí níhìn-ín, ó ti ń jinná dáadáa. Mo ti padà sí kíláàsì. Màámi ní ìdúpẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì kò tó, àwọn fẹ́ ṣe tiwọn ní ilé wa ní Oǹdó, lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí. Kò sí aṣọ ẹbí, ẹ wọ èyí tí ẹ bá ní. Ẹ wá bá wa jó.