Oògùn ìsoríkọ́: ọ̀sẹ̀ kejì àti oṣù kẹta ni kí ẹ ṣọ́ra fún

Ìgbà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa oògùn ìsoríkọ́ tì. Èkíní ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ara ń ni wọ́n tí ọkàn kò sì tíì fúyẹ́. Èkejì ni nǹkan bí oṣù kẹta, nígbà tí ara ti yá, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni àwọn ṣì ń lo oògùn fún. Mo ń lo tèmi, mo sì mọ àwọn tó ń lo tiwọn láti Agége dé Ọbáléńdé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò rọ́pò dókítà, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi í.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ fún ènìyàn ni sertraline 50mg, fluoxetine 20mg tàbí escitalopram 10mg, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Dókítà mìíràn á ní kí ẹ fi ìdajì bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó lè mọ́ yín lára. Amitriptyline náà wà. Ó ti pẹ́, kò sì wọ́n. 25mg ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, alẹ́ ni wọ́n sì ń lò ó, torí ó máa ń mú oorun wá.

Ìnira ló ń ṣáájú ìwòsàn. Láti ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, inú lè máa rú, orí lè máa fọ́, ènìyàn á máa làágùn ju bó ṣe yẹ lọ, oorun lè dá tàbí kó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú èyí máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, kí iṣẹ́ oògùn sì tó hàn dáadáa, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹni tó bá jù ú nù lọ́jọ́ kẹwàá ti jẹ ìyà tán láìjẹ èrè. Ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó lò ó, ì báà ṣe ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì. Bó bá ń lé oorun lọ, ẹ lò ó láàárọ̀. Bó bá ń kun yín lóorun, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ gbé e sí alẹ́. Amitriptyline máa ń mú kí ẹnu gbẹ, kí ìgbẹ́ sì le, nítorí náà omi, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ ṣe pàtàkì, ẹ má sì fò dìde lórí ibùsùn, òòyì lè gbé yín. Ẹni tó ń jí láago 4 ìdájí torí gosiló, tó sì lò ó láago 11 alẹ́, á sùn nínú dáńfó kọjá ibi tó yẹ kó ti bọ́ọ́lẹ̀. Aago 8 dára jù fún irú wọn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ohun àfaradà. Bí èrò àtipa ara ẹni bá ń le sí i láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, pàápàá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 25. Bí ènìyàn kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́. Tàbí bí kò bá sùn rárá síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń pọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, tó ń ná owó ní ìnákúnàá: ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn Yábàá, tó ti wà láti 1907, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní àwọn dókítà ọpọlọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 àti 767. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn nínú ilé máa tọ́jú oògùn, kó máa yọ ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un. Amitriptyline tó bá pọ̀ jù ń ba lílù ọkàn jẹ́, ó sì ń pani.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibùsùn ni àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ sọ. Àwọn oògùn wọ̀nyí lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù, tàbí kí ó pẹ́ gan-an kí ènìyàn tó dé ibi tó ń lọ. Ó ń ṣe obìnrin náà. Ẹ sọ ọ́. Dókítà lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, èyí sàn ju kí ẹ máa ra oògùn agbára ọkùnrin kún un lọ.

Ibi tí ewu wà jù ní Èkó, lójú tèmi, ni ìsọ̀ oníkẹ́mísì. Ara á gbóná díẹ̀, ènìyàn á ní kí wọ́n bá òun po oògùn ibà àti ara ríro, wọ́n á sì da hóró márùn-ún tí kò lórúkọ sínú ọ̀rá. Bí tramadol bá wà níbẹ̀, òun àti oògùn ìsoríkọ́ lè fa gìrì, ó sì lè mú kí ara gbóná, kí ó máa gbọ̀n, kí iyè ra. Oògùn ikọ́ tó ní dextromethorphan náà kò bá a rìn. Ibuprofen àti aspirin lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Paracetamol sàn jù. Oògùn ibà artemether-lumefantrine àti escitalopram tàbí amitriptyline lè jùmọ̀ da lílù ọkàn rú, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ibà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń lò. Bí èrò bá pọ̀ nínú ìsọ̀ tí ojú sì ń tì yín, ẹ ya fọ́tò páálí oògùn sórí fóònù, ẹ nà án sí wọn. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, paraga ni, ìkún oorun rẹ̀ àti ti amitriptyline kò ṣeé pò.

Inú famasì tó ní apòògùn gan-an ni kí ẹ ti ra tiyín. Kẹ́mísì kékeré kò ní àṣẹ láti tà á. Orúkọ ńlá ara páálí lè yí padà bí ẹ bá ń wá èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, orúkọ kékeré ìsàlẹ̀, tó jẹ́ orúkọ oògùn náà gan-an, àti iye mg ni kí ẹ wò, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má fi sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Kí ẹ tún òmíràn rà nígbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí. Bí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́, ẹ fi ti àná sílẹ̀, ẹ má lo méjì pọ̀. Nínú Rámádàánì, sààrì tàbí ìṣínu ló bá a mu. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni mo ń bẹ̀rù: òòyì tó bá dé torí oògùn tó já, wọ́n á ní ọ̀tá ló dé.

Bí ara bá ti wá yá, ẹ ṣì máa lò ó fún ó kéré tán oṣù 6 lẹ́yìn náà. Ẹni tí àìsàn náà ti padà wá bá rí lè lò tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í di bárakú bí ọtí, kì í pe ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá já a lójijì, ara á bínú: òòyì, àlá burúkú, ẹkún, àti nǹkan tó ń ta gìdì nínú orí bí iná NẸ́PÀ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni èyí máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìbànújẹ́ ń yọ́ wọlé padà, àìsàn fúnra rẹ̀ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú dókítà, bíi sertraline 50mg sí 25mg fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tún tó wálẹ̀ sí i, kí ó má sì jẹ́ ìgbà tí ẹ ń kó ilé tàbí tí ẹ ń sìnkú. Fluoxetine ń pẹ́ nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kì í sábà bínú tó àwọn yòókù. Ẹni tó bá rí i pé òun ti lóyún kò gbọdọ̀ já a lọ́jọ́ náà. Kó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, torí àwọn kan wà, bíi sertraline, tí wọ́n máa ń jẹ́ kí aláboyún àti ìyá ọlọ́mú máa lò.