Òkun Èkó, Òkun Greenwich

Ní Èkó tí mo dàgbà sí, bí iléèwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, lẹ́sìn ló kàn. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Òkun ò jìnnà sí wa o, àmọ́ a kì í dé ibẹ̀ àfi nígbà ọdún Àjíǹde tàbí Kérésì, tí bàbá wa bá kó wa lọ sí Bar Beach, ibi tí wọ́n ti fi yanrìn dí, tó wá di Eko Atlantic báyìí. Òótọ́ ni pé omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ìyá wa ò bá òkun ṣọ̀rẹ́: omi ò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ wa. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa òkun nígbà náà ò ju pé ó máa ń gbé èèyàn lọ.

Lọ́ńdọ̀nù làwọn ọmọ tèmi ń gbé. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan tó máa ń bọ́ sí àárín táàmù, National Maritime Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nípa òkun tó wà ní Greenwich níbẹ̀, la ti ń lò ó. Ọdún 1937 ni wọ́n ṣí i, a kì í sì í sanwó ìwọlé. Àwòrán ayé kan tẹ́ lọ gbansasa nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń sáré. Ọmọkùnrin mi á dúró lórí Èkó, á fò, ó di Bìràsílì! Mo kọ́kọ́ fẹ́ jágbe mọ́ ọn, torí ọwọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ní ká ká nígbà tí iléèwé wa kó wa lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á lójú ogun Trafalgar lọ́dún 1805 náà wà níbẹ̀, ihò ọta ṣì wà léjìká òsì. Ọmọbìnrin mi bi òṣìṣẹ́ kan bóyá Nelson sunkún. Obìnrin náà lóṣòó tì í, ó sì dá a lóhùn bí ẹni ń dá àgbà lóhùn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbà ńkọ́? Nílé, kí olùbánisọ̀rọ̀ tó lanu, a ó ti gbàdúrà, a ó ti pe àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó ti kí kábíyèsí tí kò tíì dé. Níbí, bí aago bá ti lù, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ nípa òwò ẹrú, bàbá arúgbó kan nawọ́, ó ní ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ sọ ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Èyí wù mí. Ṣùgbọ́n mo wọlé, mo jáde, n kò mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì mí, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé ilé ńkọ́.

Níta, àwòkọ ọkọ̀ Nelson kan wà nínú ìgò ràgàjì. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó dàgbà ní Èkó, ló ṣe é. Aṣọ ìgbòkun 37 ló ta sí i, aláràbarà bí àǹkárá. Ọmọbìnrin mi kígbe pé, "Mọ́mì, aṣọ Màmá Èkó rè é!"

Nígbà tí a lọ sílé kẹ́yìn, mo mú un dé Makoko. Ọmọ kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí ń tu ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kọjá láàárín àwọn ilé orí ọ̀sà, kò tilẹ̀ wo omi. Tèmi tó lè ka ìtàn Nelson bí oríkì dì mọ́ mi pinpin. Ọmọ yẹn fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ ń pòòyì lójú kan, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a délẹ̀, ọmọbìnrin mi bi mí pé lẹ́sìn wo ni wọ́n ti kọ́ ọ.