Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n dẹ náàtì ẹ̀yìn díẹ̀, ẹ béèrè bọ́ọ̀ṣì

POP ṣì wà lápá ọ̀tún mi. Àtàǹpàkò òsì ni mo fi ń tẹ èyí, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun ọ̀kadà lórí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Èkìtì yìí lójoojúmọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀yìn Boxer mi ló kọ́kọ́ ń kùn bí ẹ̀rọ ata. Bí mo bá di wílì mú lókè àti nísàlẹ̀ tí mo mì í, á máa ṣe kọ̀kọ̀. Bíárìn, òrùka onírin tí wílì fi ń yí, ti jẹ nìyẹn. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan l'Ádó (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, a ṣì jọ ń kí ara wa). Ọmọṣẹ́ ẹ̀ ló tú wílì, ó lu méjì àtijọ́ jáde, ó lu méjì tuntun wọlé. Ó wá ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó fi di náàtì títí ojú ẹ̀ fi pọ́n. Mo fọwọ́ tì wílì, kò yí ká lẹ́ẹ̀kan tó fi dúró gbọnin. Ọ̀gá ò tiẹ̀ dìde nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Dẹ náàtì yẹn díẹ̀ fún wọn. Tuntun ni, á máa là fúnra ẹ̀." Wọ́n dẹ̀ ẹ́, wílì yí, mo sanwó.

Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí n pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé mi ò dúró ti ọ̀kadà mi, mo dúró tì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin o.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbé àbúrò bàbá mi, màmá àgbà, láti Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú àpò gaàrí kan. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ìdí ọ̀kadà ń jó bíi pé táyà ti jò. Mo gbóòórùn gíríìsì tó ń jóná, mo rò pé bíréèkì ni. Ó dún kẹ́ẹ́, wílì dagun, ṣéènì fò, ẹ̀yìn sì gan pátápátá. Tírélà kan ń gòkè bọ̀ níwájú wa. Mo rántí iná ẹ̀, mo rántí gaàrí tó tú sórí títì, tó funfun nínú iná yẹn, mi ò sì rí Màmá. Mo ń pè é, kò dáhùn. Mo fẹ́ fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀kadà kúrò lórí ẹsẹ̀ mi, mo gbá àárín wílì mú, ó jó mi lọ́wọ́ bí ìkòkò orí iná. Inú koríko ni mo ti wá gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ń sọ pé, "Mo fẹ́ dé ulé o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé wa délé ìwòsàn. Apá mi ṣẹ́, Màmá fi orúnkún bó. A dúpẹ́.

Mẹkáníìkì mìíràn ló tú wílì náà. Ọmọ bíárìn, àwọn irin róbótó inú ẹ̀, dà sílẹ̀, wọ́n ti dúdú. Ó ki ìka bọ àárín wílì, ó ní, "Bọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀ dà?"

Òun ni páìpù kékeré tó wà láàárín bíárìn méjèèjì. Òrùka inú bíárìn kì í yí, ara irin gbọọrọ tó gba àárín wílì kọjá ló jókòó sí. Òrùka òde ló ń bá wílì yí. Bí ẹ bá di náàtì, bọ́ọ̀ṣì ló ń gba agbára ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, náàtì á máa fún òrùka inú méjèèjì sínú, ọmọ bíárìn á máa gun etí ojú ọ̀nà wọn, wọ́n á gbóná, gíríìsì á yọ́ jáde. Èyí tó bá pé, ẹ lè dì í le bó ṣe yẹ, wílì á ṣì máa yí fẹ́ẹ́. Tí dídì bá ti dá wílì dúró, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tú u.

Ẹ má sì gba páìpù lórí sípánà. Ẹ rí i pé wọ́n dá pín-ìn padà sórí náàtì, kó má baà tú. Bí wọ́n bá ń lu tuntun wọlé, òrùka òde ni kí wọ́n lù, èyí tó bá lu tinú ti bà á jẹ́ kó tó wọlé. Ẹ mú bíárìn àtijọ́ dání lọ rà á, kí ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀: ihò 6301 jẹ́ mìlímítà 12, ti 6202 jẹ́ 15. Àwọn tó ń fi omi alágbára fọ ọ̀kadà, ẹ yéé tọ́ ọ sí àárín wílì. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe gbogbo ìyẹn pé, bí bọ́ọ̀ṣì ò bá sí, asán ni. Ẹ fi ìka kàn án kí wọ́n tó lu bíárìn kejì wọlé.

Àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ yẹn lánàá, kò bá wọn jà. Nínú agolo náàtì àlòkù, bọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló bá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ bíárìn ẹ̀yìn l'Ádó láìpẹ́ yìí, ẹ lọ tú wílì yín.