Mo Lọ Ka Ìwé Ogun Madagásíkà ní Kew

Ogun Bọ́mà ni àwọn àgbà máa ń sọ fún wa nílé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Madagásíkà rí, bẹ́ẹ̀ àwọn adúláwọ̀ jagun níbẹ̀ lọ́dún 1942, ní ìhà méjèèjì. Ohun tó gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin District lọ sí Kew ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, sí National Archives, ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí.

Ọ̀fẹ́ ni kíkà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ óò gba káàdì òǹkàwé kí ojúlówó ìwé tó lè tẹ̀ yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn dání. Bíírò, oúnjẹ, omi, ìkankan ò gbọdọ̀ wọlé. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ mú.

WO 174 ni àmì àwọn fáìlì tí mo béèrè: àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Madagásíkà. Ibi, ọjọ́, wákàtí, ohun tó ṣẹlẹ̀: bí wọ́n ṣe pín fọ́ọ̀mù náà nìyẹn. Táípíráítà ti tẹ bébà ọ̀hún débi pé nígbà tí mo fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà ń kọ́ mi lọ́wọ́.

Ìjọba Vichy ti Faransé, èyí tó ń bá Jámánì ṣe, ló ni erékùṣù náà nígbà yẹn. Ẹ̀rù ń ba Gẹ̀ẹ́sì kí Jàpáàn má lọ gba èbúté Diego Suarez, torí itòsí ibẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ń gbà lọ sí Ẹ́gíbítì àti Íńdíà. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Courrier Bay níwọ̀-oòrùn, kí wọ́n lè gba ẹ̀yìn yọ sí ìlú. Yàrà àti ìbọn Faransé dá wọn dúró. Lóru ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ogun Anthony já wọ èbúté, ó sọ 50 sójà kalẹ̀ sẹ́yìn ọ̀tá, ìlú sì bọ́.

Lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ń lọ gba Antananarivo, olú ìlú, àwọn King's African Rifles, ẹgbẹ́ ọmọ ogun adúláwọ̀ tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣíwájú, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà, Tanganyika (Tànsáníà báyìí) àti Nyasaland (Màláwì báyìí). Àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà àti ọmọ onílẹ̀ wà lára àwọn tó dojú ìbọn kọ wọ́n. Adúláwọ̀ ń pa adúláwọ̀ lórí ilẹ̀ adúláwọ̀, nítorí ìjà òyìnbó méjì! Inú bí mi gidigidi níbi tí mo jókòó sí. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé orúkọ àwọn ọ̀gá sójà ló ń jáde nínú irú ìwé báyìí. Àwọn askari, ìyẹn àwọn sójà adúláwọ̀ tó fẹsẹ̀ rìn, iye wọn lásán ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Ẹ má tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀ o. Ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun wà ní Antsiranana, orúkọ tí Diego Suarez ń jẹ́ báyìí, Commonwealth War Graves Commission ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹ sì lè wá orúkọ àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti ń fi ìyẹn wé ọjọ́ inú fáìlì.