Pépà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Wé Abọ́

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, vóìsì nóòtù kan wọlé sórí WhatsApp mi. Obìnrin kan ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ẹ má gba ọ̀nà Ìlọrin o, wọ́n ti jáde sọ́nà lẹ́yìn Egbe, wọ́n ti ń kó èèyàn wọgbó. Kò dárúkọ ara ẹ̀, kò sọ ọjọ́, kò sọ aago. Kó tó di aago mẹ́jọ ó ti wọ gbogbo gúrúùpù tí mo wà, àwọn awakọ̀ ní páàkì Kabba níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ti ń sọ èrò kalẹ̀, ìyá oníṣu kan jókòó ti ẹrù ẹ̀, ó kàn ń wo ilẹ̀. Mo bá pe àǹtí mi ní Isanlu. Wọ́n ní, "Ohùn obìnrin yẹn? Lọ́dún tó kọjá la ti gbọ́ ọ! Mọ́tò ti ń kọjá níwájú ilé wa láti ìdájí."

Mi ò bínú sí ẹni tó fi ránṣẹ́ o. Ẹni ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, wọ́n ti gbé èèyàn lọ́nà yẹn lóòótọ́, gbogbo wa la mọ ẹnì kan. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó béèrè, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyẹn ló rán mi létí pépà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Youngstown ni wọ́n ń gbé, ní Ohio lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá sì di ẹrù ránṣẹ́ sílé, pépà ìlú wọn ni wọ́n máa ń fi wé abọ́. Èmi á tú abọ́ tán, màá tẹ́ pépà yẹn sórí itan, màá fọwọ́ rà á kó nà, màá wá jókòó kà á. Ojú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí ọlọ́pàá lọ wò lọ́sẹ̀ yẹn: wọ́n fọ́ gíláàsì mọ́tò ẹnì kan, wọ́n jí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko lẹ́yìnkùlé ẹlòmíì, wọ́n á kọ àdúgbò, wọ́n á kọ aago. Tó o bá yí i sẹ́yìn, ìpàdé kánsù ló kàn, iye tí wọ́n fẹ́ ná sórí iná títì, ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹnì kan jókòó ti gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

The Vindicator lorúkọ pépà yẹn. 1869 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2019 ló kú, lẹ́yìn 150 ọdún. Ẹbí tó ni ín wá ẹni tó máa rà á títí, wọn ò rí. Pépà ìlú Warren tó wà nítòsí ló wá ra orúkọ ẹ̀ tó ṣì ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àtijọ́ ò bá a lọ. Ìpolówó ló ń bọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ti kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín 2005 sí 2022, pépà tó lé ní 2,500 ló kú báyẹn ní Amẹ́ríkà.

Ní báyìí, tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ sírénì lóru, fóònù ni wọ́n ń gbé, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ẹnì kan á ní ìbọn ni, ẹlòmíì á ní bángà ni. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ kan ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rí ọmọkùnrin dúdú kan tó fi fìlà bojú, tó ń rìn gbéregbère, kí kálukú yáa tilẹ̀kùn. Ọmọ wọn ni. Ó ń tibi iṣẹ́ bọ̀, òtútù ń mú. "Àbúrò, mi ò lè sùn mọ́jú." Nọ́ńbà pàjáwìrì 911 wà fún wọn lóòótọ́, látọdún 1968 tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè é ní Haleyville, Alabama, tó o bá pè é ọlọ́pàá á dé, àmọ́ 911 kì í wá sọ fún àdúgbò lọ́jọ́ kejì pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ti owó ìlú tún wà níbẹ̀. Bell, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles, èèyàn ibẹ̀ ò tó 40,000, púpọ̀ nínú wọn ò rí jájẹ. Ní 2010, àwọn oníròyìn Los Angeles Times ń wádìí ọ̀rọ̀ Maywood tó múlé gbe Bell, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé Robert Rizzo tó ń ṣàkóso Bell ń gba owó tó sún mọ́ $800,000 lọ́dún. Ààrẹ Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀, $400,000 ni! Ní 2014 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ìlú míì ni wọ́n bá lọ tí wọ́n fi rí i. Ká ní wọn ò lọ síbẹ̀, ta ni ì bá béèrè?

Èmi ò gbàgbé òru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2021 tí wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la sùn sí, gbì, gbì, à ń gbọ́ ọ. Àwọn pépà Èkó àti Abuja gbé e, a kà á pé ẹlẹ́wọ̀n 240 ló sá lọ. Àmọ́ ohun tí màmá mi ń bi mí ni pé ṣé káwọn lọ sóko lọ́la, ọ̀nà wo ló ṣeé gbà? Kò sí pépà kankan tí mo rí tó dáhùn ìyẹn, wọ́n sì fi iṣu sílẹ̀ nínú ebè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Torí ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn mo fa ìwé kan ya nínú ìwé ọmọ mi, mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo kọ ìlú tí mo pè, Isanlu, Mopa, Egbe, mo tún pe ọ̀kan nínú àwọn vijilántè, mo kọ ohun tí kálukú sọ, mo ya á ní fọ́tò, mo fi sí gbogbo gúrúùpù, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Aago mọ́kànlá ni ìyá oníṣu yẹn wọ mọ́tò. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí, awakọ̀ kan ni.

"Àǹtí, ẹ kú ìdájí o. Ẹ jọ̀ọ́, tòní ńkọ́?"