Àlébù Ọkọ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ polówó ọkọ̀ àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jókòó kọ àlébù rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò kankan. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn nígbà tí mo ta Toyota Camry mi n'Ìbàdàn, èyí táwọn ará ọjà ń pè ní Muscle. Oníbàárà tó bá gbọ́n ò ní dá wá wo ọkọ̀, mẹkáníìkì ló máa mú dání. Ìyẹn á ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, á yẹ ọ́ìlì wò, á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Bó bá rí ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́, owó tí wọ́n máa yọ á ju owó àtúnṣe lọ fíìfíì, torí oníbàárà ti gbà pé òmíràn ṣì wà nílẹ̀ tóun ò tíì rí.

Bí mo ṣe kọ tèmi rèé:

“Camry 2008. Tòkúnbọ̀ ni mo rà á, èmi nìkan ni mo sì ń wà á látìgbà náà. Ẹ́ńjìnnì àti gíà dáa, AC ń tutù. Mo ti tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kùn. Ibi tó kù, ọ̀dà tó bá dé ni. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn máa ń dún bó bá wọ kòtò, mi ò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé ọkọ̀ pé.”

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Àwọn tó pè ò fi ìbéèrè wá mi lẹ́nu wò mọ́. Iye tí ṣọ́ọ̀kì ń lọ là ń bára wa sọ, a sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọdún kún ọdún ọkọ̀. Nọ́ńbà ṣáásì jẹ́ àmì 17, ó sì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà. Lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, àmì ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni ti 2008, A ni ti 2010. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á ti mọ òótọ́ kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà: bí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má wá pe irú ẹ̀ ní táyà tuntun.

Ní ti fọ́tò, ẹ fọ ọkọ̀, kẹ́ ẹ yà á láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó ya dáṣíbọ́ọ̀dù, kí máìlì hàn, káwọn èèyàn sì rí i pé kò sí iná ìkìlọ̀ kankan. Ibi tẹ́ ẹ tún kùn, ẹ sún mọ́ ọn yà dáadáa.

Ẹ kọ iye owó síbẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lé e nítorí ìdúnàádúrà, torí kò sẹ́ni tí kò ní ná an.

Lọ́jọ́ tá a kọ rìsíìtì, mo kọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti ilẹ̀kùn náà sínú rẹ̀, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Mo wo áàpù báńkì mi títí mo fi rí owó nínú àkáǹtì kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.